Ta Ló Mọ Bí Ojúlówó Ṣe Rí Lẹ́nu?

Ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo agbára tí ọtí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bù ú fún ọ̀rẹ́ mi kan tó wá kí wa láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó mu ẹnu kan, ó gbé ife sílẹ̀, ó wò mí lójú. "Ọ̀gbẹ́ni, omi lo bù fún mi yìí o." Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ gbé ìgò Guinness Nàìjíríà tó wà nínú fíríìjì wá fún un, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgò Guinness yẹn sọ́kàn. Mo máa padà sórí ẹ̀.

Orúkọ ọtí tó pè ní omi yẹn ni Brakspear Bitter, tàbí kí n sọ pé ẹ̀dà Brakspear Bitter tí èmi fúnra mi pọn nílé ìdáná wa ní Reading. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín oyin àti tíì tí wọn ò tíì bu mílíìkì sí. Ó korò bí orógbó, ìyẹn ni pé kíkorò rẹ̀ kì í lé ni sá. Ó máa ń dúró sẹ́yìn ahọ́n títí wàá fi fẹ́ mu ẹnu kan sí i. Lábẹ́ kíkorò yẹn ni nǹkan kan wà tó dà bí bọ́tà àti ṣúgà tí wọ́n jọ yọ́ sórí iná. Bíà aláìlágbára ni, torí náà kò ní ibi tó lè sá pamọ́ sí. Bí ọtí bá lágbára, agbára yẹn á bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Èyí tí kò lágbára, ìhòòhò ló wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé òun ló ṣòro jù láti dà kọ.

Ìwé ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, kì í ṣe ọtí nìkan. Irú ìwé kan wà tó ń kọ́ ènìyàn bó ṣe lè pọn ẹ̀dà ọtí tó fẹ́ràn nílé ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí Graham Wheeler àti Roger Protz jọ kọ, tó jáde ní 1993, tí wọ́n sì wá mọ̀ sí *Brew Your Own British Real Ale* lẹ́yìn náà. Ẹ̀dà tèmi, ọ̀kan tó ti gbó, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù fún àánú ni mo ti rà á. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti da nǹkan sí ojú ewé mélòó kan, mo rò pé bíà ni. Mo fẹ́ràn ìwé náà gan-an. Mo sì ní ẹjọ́ kan láti bá a rò.

Ká kọ́kọ́ yìn ín ná. Láti 1963 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ pọn bíà nílé kò nílò láísẹ́ńsì mọ́, bí kò bá ṣáà ti tà á. Àmọ́ kí òfin fún ènìyàn láyè, ọ̀tọ̀ nìyẹn; kí ènìyàn mọ ohun tó ń ṣe, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí ìwé Wheeler ṣe ni pé ó mú ọtí tí àwọn ènìyàn mọ̀, tí wọ́n ń mu ní pọ́ọ̀bù òpópónà wọn, ó sì sọ fún wọn pé: ẹ wò ó, kì í ṣe iṣẹ́ awo. Mọ́ọ̀tì báyìí, hops báyìí, omi báyìí, gíráàmù mélòó, wákàtí mélòó. Protz ti ṣe ìwé kan ṣáájú, *Real Ale Almanac*, níbi tó ti kó ohun tí àwọn ilé-ìpọntí fúnra wọn sọ nípa ọtí wọn jọ, irú mọ́ọ̀tì tí wọ́n lò, irú hops tí wọ́n lò. Lórí irú ìmọ̀ yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé. Wọn kò fi ọgbọ́n pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Fún èmi tó ń fi kóòdù jẹun, tó jẹ́ pé kóòdù tí àwọn ẹlòmíì kọ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni mo fi kọ́ṣẹ́, inú mi dùn sí irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tó tún pa mí lẹ́rìn-ín: CAMRA, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971 láti jà fún bíà tí wọ́n ń pè ní "real ale", ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn, "real". Àwọn tó ń jà fún ojúlówó ló tẹ ìwé ẹ̀dà jáde. Kò sì sí ẹni tó rí i bí àbùkù.

Ẹjọ́ tí mo ní rèé. Bí ẹ bá ṣí ìwé náà láti ojú ewé kan sí èkejì, ohun tó ń yí padà jù ni ìwọ̀n. Ọtí yìí ní gíráàmù igba mọ́ọ̀tì aláwọ̀ pupa, èyí tó tẹ̀ lé e ní ọgọ́rùn-ún. Ti ìlú yìí lo hops Fuggles, ti ìlú kejì lo Goldings. Bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìwé náà gbà pé ohun tí a lè fi ìwọ̀n wọ̀n ni ọtí jẹ́. Mo gba èyí gbọ́ fún bí ọdún kan, títí tí bàbá kan fi já mi nírọ́.

Bàbá náà ń gbé ilé kẹta sí tiwa. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Henley ni wọ́n ti dàgbà, ìlú tó wà létí odò Thames, tí kò jìnnà sí Reading rárá. Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ àwọn ní tààrà bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ẹnu mi kọ̀ ọ́. Bàbá ni mò ń pè wọ́n, wọ́n sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọtí yìí ni wọ́n fi mọ ọtí, nígbà tí wọ́n ṣì ń pọn ọ́n ní Henley gan-an. Láti 1779 ni orúkọ Brakspear ti wọ iṣẹ́ ọtí ní ìlú yẹn. Ní 2002, wọ́n ti ilé-ìpọntí náà pa. Òtẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo ti lọ síbẹ̀ rí; ilé náà ṣì lẹ́wà, àmọ́ kò sí òórùn mọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pọn ọ́n, ọgbọ́n ìwé nìkan ni mo lò. Mo fi ìwọ̀n tèmi sí i, torí lítà 23 ni garawa mi ń gbà. Mọ́ọ̀tì Maris Otter kílò mẹ́ta àti irínwó gíráàmù. Mọ́ọ̀tì crystal, èyí tó ń fún un ní àwọ̀ pupa àti adùn díẹ̀, igba ó lé àádọ́ta gíráàmù. Mọ́ọ̀tì dúdú tí kò tó ogún gíráàmù, nítorí àwọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí mọ́ọ̀tì jẹ́, ọkà bálì ni: wọ́n rẹ ẹ́ sómi, ó hù, wọ́n sì fi ooru gbẹ ẹ́ kó má bàa dàgbà jù. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń mú àgbàdo hù fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà ni. Mo rẹ gbogbo rẹ̀ sínú omi gbígbóná, tẹmómítà wà ní 66, mo fi sílẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo sẹ́ ẹ. Mo sè é fún wákàtí kan àti ààbọ̀ mìíràn pẹ̀lú ogójì gíráàmù Goldings àti Fuggles mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyàwó mi sì ń ṣí fèrèsé kiri pé òórùn ewé ti gba ilé kan. Ó tutù, mo da ìwúkàrà sí i, mo dé e. Ó hó fún ọjọ́ mẹ́rin, ó dákẹ́. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, 1035 ló bẹ̀rẹ̀, 1009 ló parí sí. Ẹ ṣírò ẹ̀: ìdá 3.4. Ó pé géérégé! Inú mi dùn bí ìgbà tí gbogbo tẹ́ẹ̀sì kọjá lórí kọ̀ǹpútà.

Mo gbé ìgò méjì tọ Bàbá lọ. Wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n mu. Wọ́n tún mu. Wọ́n wá sọ fún mi pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń bá ọmọ àna sọ̀rọ̀, pé bíà tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe òun.

Kí ni kò sí níbẹ̀? Wọn ò lè sọ. Wọ́n ṣáà ní ó mọ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní èdè iṣẹ́ mi. Ife bíà tó wà níwájú ẹ ní pọ́ọ̀bù, ó dà bí app tó wà lórí fóònù ẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ o kò rí kóòdù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ á máa tẹ ibí, á máa tẹ ọ̀hún, á sì máa méfò ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú. Ìlànà tó wà nínú ìwé Wheeler, kóòdù tí a méfò ni. Ó lè ṣe gbogbo ohun tí a lè kà lórí ìwọ̀n, kó má sì jẹ́ òun. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa tó ń kọ kóòdù sì mọ̀ pé kóòdù kan náà, lórí ẹ̀rọ méjì, lè hùwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ tí ọtí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni ìwúkàrà, omi, àti àgbá.

Ìgbà kejì, ìwúkàrà ni mo pààrọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń ta ọ̀kan tó pè ní Thames Valley. Orúkọ yẹn nìkan ti tó ẹni tó bá mọ̀. Ó dára sí i. Bàbá ní ó ti ń rántí òun nǹkan, àmọ́ kò tíì dé.

Ìgbà kẹta ni mo tó kà nípa àgbá náà dáadáa. Ní Henley, òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n to àgbá sí. Ọtí á bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú èyí tó wà lókè. Kí ọjọ́ kan tó pé, wọ́n á já a sílẹ̀ sínú èyí tó wà nísàlẹ̀, gbogbo ìdọ̀tí àti ìwúkàrà tó ti kú á sì kù sókè. Níbi tó ti ń já bọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, ìwúkàrà á tún jí, nǹkan kan tó ń jẹ́ diacetyl á sì yọjú. Òun ni bọ́tà àti ṣúgà tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wò ó o. Kò sí ẹni tó kọ́ pípọn ọtí nílé tí wọn ò kìlọ̀ fún pé tí ọtí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án mọ́. Kò sí ẹni tí wọn ò kìlọ̀ fún pé diacetyl, àbùkù ni. Mo ti ń pa òfin yẹn mọ́ tọkàntọkàn. Ohun tí Bàbá ń wá, òfin dáadáa tí mò ń pa mọ́ ni kò jẹ́ kó wọlé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí níbi iṣẹ́: mo tún kóòdù àtijọ́ kan ṣe, mo yọ ìlà kan tó dà bí àṣìṣe kúrò, láàárọ̀ ọjọ́ kejì àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ìlà yẹn gan-an ni wọ́n ń lò.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Aṣọ ni ìwé Wheeler ń kó fún wa, ó sì ń kó o dáadáa. Àkísà ni kò kó. Àkísà ilé-ìpọntí ni ohun tí wọ́n ń ṣe torí pé bí ilé wọn ṣe rí nìyẹn, torí pé òkè ni àgbá kan wà, ìsàlẹ̀ sì ni èkejì wà. Kò sí gíráàmù tí a lè fi wọ̀n ọ́n.

Mo ra garawa kejì. Mo pọn ọ́n ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bíi wákàtí mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí mo da ìwúkàrà sí i, mo gbé garawa àkọ́kọ́ sórí tábìlì, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, ọtí sì ń já sínú èkejì nílẹ̀ yàà. Gbogbo ilé ìdáná ń hó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, torí gbogbo ohun tí mo ti kà ló ń sọ fún mi pé mò ń ba lítà mẹ́tàlélógún jẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo pe Bàbá wá. Wọ́n mu ẹnu kan, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n mu ìdajì ife. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ní pọ́ọ̀bù kan, tó sì ti kú tipẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọtí rárá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi náà dákẹ́. Nígbà tí wọ́n parí ìtàn, wọ́n wo ife, wọ́n ní, "Ó sún mọ́ ọn. Ó kù díẹ̀ kó korò tó." Wọ́n sì na ife sí mi kí n bu òmíràn.

Mo rò pé ìtàn parí síbẹ̀. Ó ku ìbéèrè kan tí mo bi wọ́n ní alẹ́ yẹn, ìdáhùn rẹ̀ ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ àpilẹ̀kọ yìí. Mo bi wọ́n pé ti Witney ńkọ́?

Lẹ́yìn tí Henley tì, wọ́n gbé ọtí náà kiri fún ìgbà díẹ̀, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n ní Witney ní 2004, nílé-ìpọntí Wychwood. Wọ́n kó lára àwọn àgbá Henley lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè máa já a sílẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Nǹkan ńlá ni, ó sì yẹ ká yìn wọ́n fún un. Ti Witney ni èmi mọ̀. Òun ni mo bá ní pọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé orílẹ̀-èdè yìí, òun ni mo fẹ́ràn, òun ni mo pè ní ojúlówó lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń gbìyànjú láti dà á kọ. Ní òpin 2023, wọ́n ti ilé-ìpọntí Wychwood náà pa.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà tí ti Witney kọ́kọ́ jáde, ohun tí àwọn sọ fún mi nígbà àkọ́kọ́ náà ni àwọn sọ: bíà tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe òun. Wọ́n sì mu ún fún bí ogún ọdún.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Ẹni tó ra orúkọ, tó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ẹ̀dà lòun náà ń pọn. Ìlànà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àgbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ní láti wá ẹni tó máa tọ́ ọ wò kó sọ pé òun nìyí. Èmi tí mo wà nílé ìdáná, ẹ̀dà ẹ̀dà ni mò ń ṣe láìmọ̀. Bàbá ń wọ̀n ọ́n mọ́ Henley. Èmi ń wọ̀n ọ́n mọ́ Witney. Ọtí kan náà ló wà nínú ife àwa méjèèjì.

Ó tó àkókò kí n padà sórí ìgò Guinness ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Nàìjíríà wo ni kò tíì bá ẹnì kan jà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lórí pé Guinness ibí kì í ṣe Guinness? Èyí tí wọ́n ń fà jáde fún ọ ní pọ́ọ̀bù fi díẹ̀ ju ìdá 4 lọ. Tiwa jẹ́ ìdá 7.5, ó ṣú, ó korò, ó sì ní ojú ọ̀tọ̀. A máa ń sọ pé tiwa ni ojúlówó. Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń pọn Guinness ní Ìkẹjà. Ohun èlò kan tó ti ṣú, tó ti ki, ni wọ́n máa ń kó wá láti Dublin láti pò mọ́ bíà tí wọ́n bá pọn síbẹ̀, kó lè ní àwọ̀ àti adùn Guinness. Nígbà tó di 1988, ìjọba Nàìjíríà fòfin de mọ́ọ̀tì bálì láti òkè òkun, àwọn apọntí wa sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ìyẹn ni pé ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́n gan-an yí padà! Bí Wheeler bá ní kí o pọn Guinness, tí o sì lo ọkà bàbà, á ní o kùnà. Kò sí èyíkéyìí nínú wa tó gbé ife sílẹ̀. Ẹnu wa tẹ̀ lé e, a sì fi ẹnu yẹn sọ ọ́ di ojúlówó. Ọ̀rẹ́ mi tó pe ọtí mi ní omi, ẹ̀dà tí wọ́n ṣe nílé wa ló fi pa òùngbẹ.

Mi ò sọ pé ojúlówó ò sí. Àwọn kan fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé gbogbo nǹkan ẹ̀dà ni, kò sí èyí tó ju èyí lọ. Irọ́ ni. Ti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pọn kì í ṣe òun, Bàbá sì mọ̀ láàárín ẹnu méjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé mímọ̀ yẹn kò sí nínú ìwọ̀n, kò sì sí lára orúkọ tó wà lórí ìgò. Ara àwọn tó mu ún ló wà. Àwọn yẹn sì ń dàgbà. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti 2002 ni wọn ò ti fẹnu kan ọtí Henley, kò sì sí ìgò kankan tí a lè lọ ṣí láti fi dá wọn lẹ́jọ́, torí bíà tí kò lágbára kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan, kò ní sí ẹnì kan láyé tó lè gbé ife mi sẹ́nu kó sọ pé ó sún mọ́ ọn tàbí kò sún mọ́ ọn. Ìlànà mi á ṣì wà. Á péye, á sì jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Àléébù ìwé Wheeler nìyẹn lójú tèmi, kì í sì í ṣe ti Wheeler nìkan. Gbogbo ìwé ẹ̀dà ọtí ló ní in. Wọ́n sọ fún wa ohun tí a máa rà, wọn ò sọ fún wa ẹni tó tọ́ ọ wò. Ta ló mu ẹ̀dà yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó? Ní ọdún wo? Ní ìlú wo? Kí ló sọ pé ó kù? Nínú iṣẹ́ wa, bí ẹnì kan bá yí kóòdù padà, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó yí padà àti ìdí tó fi yí i padà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọ́n bá a dé. Ẹlẹ́rìí ni ìwé wọ̀nyí ò ní. Ìlà méjì péré lábẹ́ ìlànà kọ̀ọ̀kan ì bá ti tó, ìwé náà ì bá sì níye lórí ju bó ṣe rí lọ ní báyìí tí púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìpọntí ayé ìgbà náà ti tì.

Ẹ má ṣe torí ẹjọ́ mi sá fún ìwé náà o. Bí ẹ bá rí i níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ẹ rà á. Ẹ ò ní rí olùkọ́ tó mọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì wá bàbá tàbí ìyá kan tó ti mu ọtí náà nígbà tó ṣì wà, kí ẹ tó dáná.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo ti gbé ìlànà náà sínú fóldà kan lórí kọ̀ǹpútà mi, níbi tí mo ń kó kóòdù sí. Ìlà tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ rèé: "Ẹ̀kẹta. Garawa méjì, wákàtí 16. Bàbá tọ́ ọ wò, ẹni tó mu ti Henley títí di 2002 àti ti Witney lẹ́yìn rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Kò korò tó. Wọ́n mu ife méjì." Ní Sátidé tó ń bọ̀, màá fi gíráàmù márùn-ún kún Goldings. Bàbá ní àwọn fúnra àwọn ló máa gbé garawa lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní èmi ń gbọ̀n jù.